Ọ̀nà Ẹ̀rìnmọ sí Ẹ̀fọ̀n: ààlà ìpínlẹ̀ ò dá ajínigbé dúró

Ẹni tó bá ń ti Iléṣà bọ̀, tó yà ní Ìwàràjà, tó sì gba Ẹ̀rìnmọ kọjá, á rí i pé títì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò. Òkè lápá kan, àfonífojì lápá kejì, igbó ṣú dùdù. Kó tó mọ̀, ó ti kúrò ní Ọ̀ṣun, ó ti dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì. Ká sọ tòótọ́, ọ̀nà tó rẹwà jù ú lọ ò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Àmọ́ kò sí awakọ̀ tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun níbẹ̀. Àwọn ajínigbé ti dá èèyàn lọ́nà lágbègbè náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè. Tírélà tó ru ẹrù á máa fà díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò lè yà á sílẹ̀, torí kò rí ohun tó ń bọ̀ ní kọ́nà. Bí kòtò bá tún wà níbẹ̀, ńṣe ni gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹni tó lúgọ sínú igbó ò tún nílò igi tó máa fi dínà. Ẹni tó bá di kòtò ibẹ̀ ti ṣe lára iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dí i? Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà náà. Gómínà tó bá fẹ́ tún un ṣe ní láti gba àṣẹ l'Abuja, àfi bó bá fẹ́ kí owó ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbé síbẹ̀. Abuja náà ló ń darí ọlọ́pàá.

Ó wá ku Àmọ̀tẹ́kùn. Ní January 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jùmọ̀ ṣí i n'Ìbàdàn bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Níkẹyìn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tirẹ̀, ibẹ̀ ni Àmọ̀tẹ́kùn Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì ti di méjì, kálukú pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀. Wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Ohun tí òkè yìí ń fẹ́ ju ìyẹn lọ: àgọ́ kan lójú ààlà, tọ̀sán-tòru, ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ méjèèjì nínú rẹ̀, ọ̀gá kan ṣoṣo lórí wọn.

Ààlà ọ̀hún gan-an ò tíì pẹ́. Títí di 1976, Western State ni tọ̀tún tòsì. Ọ̀ṣun dé ní 1991, Èkìtì ní 1996.

Owó náà wà níbẹ̀. Ọ̀ṣun ní omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti orí òkè n'Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà (àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ní orí òkè tiwọn ló ti ń ṣàn wá o). Èkìtì ní omi gbígbóná Ìkógòsì. Àlejò lè rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ń polówó tiẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó máa gbé àlejò láti ọ̀kan dé èkejì, aago ló ń wò, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá a lórí òkè.