Èéfín Kì Í Ṣe Èrè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí ó kan àpò wa, ó sì kan ẹ̀dọ̀fóró wa.

Kò sí ẹni tó gbàgbé ọdún 2020. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé de Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, ti alẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Èkó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mọ́tò àti ilé iṣẹ́ dákẹ́, sánmà ọ̀pọ̀ ìlú ńlá là. Sátẹ́láìtì rí i pé èéfín dínkù lórí Wuhan ní Ṣáínà àti lápá àríwá Ítálì. Ní Jalandhar ní Íńdíà, àwọn ènìyàn dúró lórí òrùlé wọn, wọ́n ń wo òkè Himalaya tí wọn kò rí láti ọdún gbọọrọ.

Àwọn kan wá ń sọ pé oore ni òfin náà ṣe. Àwa kò gbà. Ebi kì í gbọ́ ti afẹ́fẹ́ mímọ́; ẹni tí kò bá jáde lónìí tí kò ní jẹun lálẹ́, oore wo ló rí níbẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, àsìkò yẹn ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òjò a sì máa fọ eruku ọyẹ́ dànù. Bí wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà ni èéfín padà dé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èéfín kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọwọ́ ènìyàn ló ń dá a, ọwọ́ ènìyàn ló lè dín in kù. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ní 2018, bí ènìyàn 11,200 ni afẹ́fẹ́ búburú pa láìtọ́jọ́ ní Èkó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mọ́tò, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó fà á.

Ẹ má wí pé Èkó jìnnà o. Ìgbẹ́tì ńkọ́? Ta ló ń dáná sungbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Èédú tí à ń sun ńkọ́, àti eruku òkúta mábù tí àwọn ọmọ wa ń fà símú? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ké níwájú ìsọ̀, ta ló ń gba èéfín rẹ̀ bí kò ṣe oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀?

Ìmọ̀ràn tiwa nìyí: bí ẹgbẹ́ ti ń yáni lówó ra ọjà, kí ó máa yáni lówó ra sólà àti sítóòfù gáàsì pẹ̀lú, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ń fi pẹtiróòlù tanná mọ iye tó ń bọ́ lápò rẹ̀. Kí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa bo imú. Kí àwa àgbẹ̀ sì fohùn ṣọ̀kan lórí igbó sísun.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.