Orúkọ Grace Ọládùnní Taylor Tọ́ sí Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ yóò bá orúkọ Mọ́remí lára ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibo ni wọ́n kọ orúkọ Grace Ọládùnní Taylor sí?

Ọdún 1937 ni wọ́n bí i. Queen's School, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ẹdẹ, nítòsí Ifẹ̀ níbí, ló ti kàwé girama. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Ìbàdàn ní 1962, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1969, ó ṣe ìwádìí díẹ̀ sí i ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1984.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ló gbájú mọ́. Ó fi ti àwọn aláwọ̀ dúdú wé ti àwọn òyìnbó, ó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀yà ló ń fa ìyàtọ̀: oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ àti bó ṣe ń lo ara rẹ̀ ni. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ara rẹ̀ lè le. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń jẹ ẹran ọlọ́ràá lójoojúmọ́, awọ dúdú tó jogún kò ní gba ọkàn rẹ̀ là. Ìmọ̀ràn tí dókítà ń fún aláìsàn lónìí, pé kó dín ọ̀rá kù, kó máa rìn, irú iṣẹ́ báyìí ló gbé e ró.

Ní 1998, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2001, Adéyínká Falusi, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí àìsàn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, gba irú rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Ìbàdàn ló ni Taylor, kì í ṣe Ifẹ̀. Ṣé Fájuyì, ológun ọmọ Adó-Èkìtì, kọ́ni ní Ifẹ̀ rí kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀? Angola àti Mozambique, tí wọ́n fi sọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn níbẹ̀, ńkọ́? Kò ṣòro láti kọ orúkọ obìnrin yìí sí ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò kan, kí ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ Ọ̀ṣun sì sọ fún wọn pé Ẹdẹ ló ti kàwé.