Kí Ìrànlọ́wọ́ Bá Wọn Láàyè: Ọ̀rọ̀ Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró ní Oak Cliff

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Dallas, owó ìsìnkú kì í pẹ́ jọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ tí olóògbé jáde láyé tó ṣú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti gbé nọ́ńbà àkáǹtì sórí WhatsApp, ìjọ ti yan ìgbìmọ̀, ẹnìkan sì ti ń bèèrè iye tí wọn yóò ta aṣọ ẹbí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa ẹni tí wọ́n ń dáwó lé lórí yìí, ó ṣeé ṣe kó ti wá ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn títí kó má rí. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ má tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣàìsàn.

Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń bèèrè kò ju ọ̀kan lọ: kí ìrànlọ́wọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí dókítà bá ti sọ pé àrùn náà ti tàn kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó má dúró de ìgbà tí ara bá kọ̀ pátápátá. Ilé ìwòsàn ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹbí àti ìjọ ní tiwọn. Tìjọba ló wúwo jù.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2010. Lọ́dún náà, Dókítà Jennifer Temel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts General Hospital, ní Boston, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn 151 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn ká ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ìtọ́jú tí gbogbo ayé mọ̀. Apá kejì gba ìtọ́jú kan náà, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ mímú kí ara tu aláìsàn, ìtọ́jú ìdẹ̀rùn tí wọ́n ń pè ní palliative care. Ìbéèrè tí àwọn yẹn ń béèrè kì í ṣe nípa fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé ẹ rí oorun sùn? Ibo ló ń dùn yín? Kí ló ń já yín láyà? Ta ló ń se oúnjẹ nílé? Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, kí lẹ ò sì fẹ́?

Àbájáde rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ oníṣègùn lẹ́nu. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú lásán, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì débi àìsàn; nínú àwọn kejì, ìdá 16 péré ni. Àwọn kejì yìí kò jẹ ìyà kímò (chemotherapy) tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjọ́ wọn ń sún mọ́ òpin, síbẹ̀ wọ́n tún pẹ́ láyé jù: oṣù 11.6 ni ìdajì wọn lò kọjá, oṣù 8.9 ni ti àwọn ìyókù. Bó bá jẹ́ pé oògùn tuntun kan ló fi oṣù méjì ààbọ̀ kún ọjọ́ ayé èèyàn báyìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ì bá ti máa polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní alaalẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò polówó nọ́ọ̀sì tó jókòó tó sì fetí sílẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ASCO, ti sọ ọ́ di ìlànà pé kí ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn rí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti mọ̀.

Síbẹ̀, bí dókítà bá dárúkọ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbọ́ ni pé, “A ti jọ̀wọ́ yín.” Họ́síìpìsì ni wọ́n ń fi pè. Họ́síìpìsì jẹ́ ti ẹni tí dókítà gbà pé ó ṣeé ṣe kó má lò ju oṣù mẹ́fà mọ́, tó sì ti fi ìtọ́jú tó ń bá àrùn náà jà sílẹ̀. Medicare, inṣọ́ránsì ìjọba àpapọ̀, ló ń sanwó rẹ̀ fún ẹni tó bá ní in. Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn tí à ń wí yìí kò ní kéèyàn fi ohunkóhun sílẹ̀. Kímò ń lọ, oògùn oníhóró ń lọ, òun náà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kì í sì í ṣe àṣà òyìnbó nìkan. Ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, oníṣègùn akunnilóorun, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà nínú iṣẹ́ yìí gan-an.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Ẹ mú èémí tí kò délẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù ba aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró ju ìrora lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò ní kí Màmá tó ń ṣàìsàn tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sinmi lórí tábìlì, yóò wá gbé abẹ̀bẹ̀ kékeré oníbátìrì sí iwájú ojú wọn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sójú yìí máa ń dín ìmọ̀lára àìlèmí kù. Bí kò bá tó, mọ́fíìnì díẹ̀ wà, ìwọ̀n tí kì í pa èèyàn. Owó abẹ̀bẹ̀ yẹn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan ní Bishop Arts ní Oak Cliff. Òun ló lè mú kí Màmá sùn di òwúrọ̀ láìpe 911.

Ìrètí tún wà nínú ilé àyẹ̀wò. Láyé àtijọ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn, kímò ni gbogbo ẹ̀. Ní báyìí, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹran tí wọ́n gé lára rẹ̀ wò bóyá àyípadà kan wà nínú jíìnì rẹ̀, irú bí EGFR tàbí ALK, kí wọ́n sì wo bí èròjà PD-L1 ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Àwọn tó ní ti ALK, oògùn oníhóró lorlatinib wà fún wọn: nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àrùn náà kò tíì tẹ̀ síwájú lára nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó. Àwọn tí PD-L1 wọn ga tí wọ́n fi oògùn pembrolizumab bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 32 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ti àwọn tó fi kímò bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 16. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bọ́ sínú àwọn ìdá yìí, ẹni tó bá sì sọ fún ẹbí pé gbogbo wọn ló bọ́ síbẹ̀ ń tan wọ́n jẹ ni. Ohun tó dunni ni kéèyàn wà lára wọn kó má mọ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ṣàyẹ̀wò. Lọ́dún 2023, Texas ṣòfin pé kí inṣọ́ránsì tó wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀ náà máa sanwó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Kí ẹbí bèèrè rẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

EGFR àti ALK wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí. Síbẹ̀ ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni, “Ṣé ó ń mu sìgá ni?” Ẹni tó mu ún pàápàá, kí ló fẹ́ fi ẹ̀sùn yẹn ṣe báyìí? Ìtìjú yìí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ẹbí dákẹ́.

Bí ìdákẹ́ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ yóò fa nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ jẹjẹrẹ lójú Màmá. Ẹ ṣáà ní kòkòrò ló wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn.” Bí nọ́ọ̀sì náà bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, yóò fèsì pé: “Àbúrò, Màmá ti mọ̀ pé nǹkan ńlá ni. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fún wọn.” Ìfẹ́ ló ń mú ọmọ sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bú u. Ṣùgbọ́n àbájáde àyẹ̀wò ń wọlé sórí fóònù aláìsàn fúnra rẹ̀, ọmọ-ọmọ tó bá Màmá ṣí i ló máa kà á sétí gbogbo ilé. Ẹni tí kò sì mọ àrùn tó ń ṣe é kò lè bèèrè àyẹ̀wò jíìnì, kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ rí Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀kan sí i kí ara tó kọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó tọ́ ni kí dókítà bi Màmá léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ tó. Bí wọ́n bá ní àkọ́bí ni kó máa gbọ́ ọ, àwọn ló yàn bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní kí ilé ìwòsàn tó ń gbowó ìjọba wá ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Kò yẹ kí wọ́n sọ ọmọ di ògbufọ̀ tí yóò máa yan èyí tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́.

Àwọn ẹni ńlá wa kò fi í pa mọ́. Dókítà Beko Ransome-Kuti, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, kú lọ́jọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2006, ẹni ọdún 65. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi, tí wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n ní Kuje lọ́dún 1992, kú lọ́jọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àrùn kan náà. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ ohun tó ń ṣe Gani nígbà tó ń lọ gbàtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù. Àìsàn yẹn wà lára rẹ̀ nígbà tó kọ oyè tí ìjọba fún un ní ìparí ọdún 2008, kò sì sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ fojú kéré e.

Ní ti Oak Cliff, àdúgbò wa ní Dallas, ọ̀nà jíjìn jẹ́ apá kan nínú ìṣòro náà. Lọ́dún 1908, àkúnya odò Trinity gé àdúgbò náà kúrò lára Dallas, ọdún 1912 ni wọ́n sì tó ṣí afárá Houston Street. Afárá ti pọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Parkland àti ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ Simmons ti UT Southwestern ṣì wà lódì kejì. Ẹni tí kò ní mọ́tò yóò wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ti DART ní Westmoreland, yóò sọ̀kalẹ̀ láàárín ìlú, yóò wọ Green tàbí Orange Line dé ibùdókọ̀ SWMD/Parkland, yóò wá fẹsẹ̀ rìn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń fa àgbá ọ́síjìn nínú oòrùn oṣù kẹjọ ní Texas. Ilé ìwòsàn Methodist Dallas ti wà lórí òkè Oak Cliff láti 1927, UT Southwestern náà sì ṣí ẹ̀ka kan sí RedBird lọ́dún 2022. Ó yẹ kí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn wà ní ìhà ibí lójoojúmọ́, kó má jẹ́ pé orí afárá ni aláìsàn yóò ti máa lo ọjọ́ rẹ̀ tán.

Ìjọ lè gbà nínú ẹrù yìí lónìí láìdúró de ẹnikẹ́ni. American Cancer Society ní ètò kan, Road To Recovery, tí àwọn olùyọ̀ǹda fi ń gbé aláìsàn lọ síbi ìtọ́jú. Awakọ̀ ni wọ́n ń wá nígbà gbogbo. Ìjọ tó lè kó bọ́ọ̀sì lọ sí àgọ́ Redeemed ní Floyd fún ìpàdé ńlá kò lè sọ pé òun kò rí awakọ̀ méjì fún ọjọ́ Tuesday. Cancer Support Community North Texas ń ṣèpàdé àwọn aláìsàn àti ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, EGFR Resisters, ALK Positive, LUNGevity àti GO2 for Lung Cancer ń so ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mọ́ ẹni tó ti ń bá a fà á bọ̀.

Tìjọba wá kù. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 65, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti tàn, wà lára àwọn tí Social Security ń yára dá lóhùn, nítorí orúkọ àrùn náà wà nínú ìwé Compassionate Allowances. Ìdáhùn ló yá o, owó kọ́. Oṣù márùn-ún gbọ́dọ̀ kọjá kí owó SSDI, owó Social Security fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, tó bẹ̀rẹ̀, oṣù 24 mìíràn sì gbọ́dọ̀ kọjá kí Medicare tó tẹ̀ lé e. Oṣù 29 nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù 8.9 àti 11.6 ti Boston. Ìjọba ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú irú ìdúró yìí kúrò: wọ́n mú ti Medicare kúrò fún àwọn tó ní àrùn ALS láti 2001, wọ́n sì mú oṣù márùn-ún náà kúrò lọ́dún 2020. Àwọn tó ń jà fún aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú tó ti tàn ti ń gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ síwájú Kóńgírẹ́ẹ̀sì léraléra. Ó tọ́ kí ti ẹ̀dọ̀fóró wà nínú rẹ̀.

Títí dìgbà náà, ohun tó wà nílẹ̀ ni kí ẹbí lò. Parkland ní ètò ìrànwọ́ owó fún àwọn tó ń gbé ní Dallas County tí kò ní inṣọ́ránsì. Ẹni tó ń gbé ní Arlington kò sí nínú rẹ̀, Tarrant County ni tirẹ̀. Ẹni tí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 60 láti ra òmíràn lọ́jà ìjọba, wọn kò sì lè tìtorí àìsàn lé e. Ẹni tí àìní rẹ̀ bá pọ̀ tó láti gba SSI yóò rí Medicaid. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ débi tí SSDI rẹ̀ fi ga díẹ̀ ju ìyẹn lọ ló ń bọ́ sínú kòtò, torí Texas kọ̀ láti fẹ Medicaid lójú bí òfin ìlera ọdún 2010 ṣe gbà á láyè, nígbà tí ìpínlẹ̀ 40 ti ṣe é.

Ọdún méjì méjì ni ilé aṣòfin Texas ń jókòó, ọjọ́ 140 péré. Oṣù kìíní ọdún 2027 ni èyí tó kàn. Kí oṣù náà tó dé, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí aṣòfin Oak Cliff ní Austin lórí Medicaid, ọ̀kan sí aṣojú wọn ní Washington lórí oṣù 29. Kí wọ́n pe àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Spanish àtàwọn ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà mọ́ra láti jọ buwọ́ lù ú, torí èèyàn tiwọn náà wà nínú ọkọ̀ Westmoreland yẹn.