Ẹ Yé Fi Alápatà Bú Ènìyàn

Bí dókítà bá ṣiṣẹ́ abẹ jákujàku, alápatà la máa ń pè é. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ dé ìsọ̀ ẹran ní Bódìjà, kí ẹ wo ọkùnrin tó ń gé ẹsẹ̀ màlúù: oríkèé ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń wá, kì í ṣe eegun.

Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n ń dúńbú ẹran, wọ́n ń bó awọ, wọ́n ń kun ún, wọ́n ń wi pọ̀nmọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣàkì, fùkù, abọ́dì: inú abọ́ àmàlà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ wọ́n.

Fúlàní ló sin èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù náà lókè ọya. Oníṣòwò Haúsá á kó o wọ ọkọ̀ wá sí Akínyẹlé. Alápatà á pa á, àwọn ìyá wa á pàtẹ rẹ̀. Èdè mẹ́ta lè pàdé lórí màlúù kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ olóṣèlú àti ìpolówó ọjà la ṣì ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lé lórí. Ta ló máa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Akínyẹlé? Kí onítọ̀hún tètè jí o, wọn kì í dúró de akẹ́kọ̀ọ́.