Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ètò Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kó ìwé owó wa sí ti di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní léjà tí akápò ń kọ ti tó. Èmi fara mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn kankan kí a tó mọ ohun tí a ń rà.

Ètò tí wọ́n mú wá, èdè Java ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1995. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró. Orí ohun tí wọ́n ń pè ní application server ló ń jókòó. Ẹ fi wé ọjà tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀: òrùlé, omi, ọlọ́dẹ, gbogbo rẹ̀ ti wà kí oníṣòwò tó gbé igbá dé. Framework ní tirẹ̀ dà bí egungun ilé tí wọ́n ti gbé ró. Ẹni tó ń kọ ètò á wá mọ yàrá tirẹ̀ sí i. Èyí tó lókìkí jù ni Spring, tó ti inú ìwé tí Rod Johnson kọ ní 2002 jáde.

Kí ni èrè wa níbẹ̀? Ká ní a yọ ₦50,000 nínú ìfowópamọ́ Ìyá Alátà láti fi dín gbèsè rẹ̀ kù, tí iná wá lọ lágbede méjì. Bí wọ́n bá kọ ètò náà dáadáa, server tàbí framework á rí i pé yálà iṣẹ́ méjèèjì parí, tàbí kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ti wà. Bí àlejò bá pe akápò jáde nígbà tó kọ apá kan tán, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Oracle ra Sun ní 2010. Ní 2017 ó pinnu láti fa Java EE, ìlànà tí àwọn server wọ̀nyí ń tẹ̀ lé, lé Eclipse Foundation lọ́wọ́, àmọ́ kò yọ̀ǹda orúkọ Java. Bó ṣe di Jakarta EE nìyẹn. Nígbà tó di December 2020, wọ́n yí «javax» inú rẹ̀ padà sí «jakarta». Ètò tí kò ní alátùn-únṣe kò lè bọ́ sórí server tuntun bíi Tomcat 10 bẹ́ẹ̀ lásán. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n rí ihò ńlá nínú Log4j, irinṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ètò Java ń lò. Olè lè gba ibẹ̀ wọlé láti òkèèrè. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń sáré dí i. Ta ni ì bá bá wa dí tiwa?

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kí a ra server olówó gọbọi. Ọ̀fẹ́ ni Tomcat àti WildFly, wọ́n sì tó ẹgbẹ́ bíi tiwa lò. Owó tí a bá fi pa mọ́, kí a fi san owó alátọ̀ọ́jú lóṣooṣù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a ó gba ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n kọ, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe bí wọ́n bá kó lọ. Kí akápò má sì tíì gbé léjà jù sílẹ̀: fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó máa kọ méjèèjì, kí a máa fi ọ̀kan yẹ ìkejì wò.