Èèrà Inú Wàláà, Èèrà Orí Igi

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kì í fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní ilé kéú kan láìpẹ́ yìí kò ṣeé gbé mì. Igi máńgòrò ńlá kan wà níwájú ilé kéú náà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti ń kọ́ alífáà níbẹ̀. Wọ́n ti gé e. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ní ó ń da ewé sílẹ̀. Wọ́n ní èèrà rẹ̀ ń jẹ àwọn ọmọ. Wọ́n sì ní àwọn ọmọ kì í wo wàláà mọ́, òkè ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀sùn kẹta yìí ni ó bí wa nínú jù. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí wọ́n nà nítorí pé ó gbójú sókè wo èèrà nígbà tí kéú ń lọ lọ́wọ́. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń kà: Sūratu Naml ni, Sūrà èèrà! Ọmọ ń ka bí èèrà ṣe kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ ogun Ànábì Sulaimọ́nù má baà tẹ̀ wọ́n pa, èèrà ń tò lọ lókè orí rẹ̀, ẹgba sì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ má bínú o: ǹjẹ́ ẹni tí ó na ọmọ náà mọ ohun tí èèrà ń ṣe lórí igi yẹn?

Èèrà pupa orí máńgòrò kì í gbẹ́ ilẹ̀ kọ́lé, ewé ni ó fi ń kọ́ ọ. Wọn a tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn a fi ẹnu fa ewé méjì súnmọ́ ara wọn. Bí ewé bá jìnnà síra, ọ̀kan a di ìbàdí èkejì mú, èkejì a di ti ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di ẹ̀wọ̀n tí ó kan ewé ọ̀hún. Nígbà náà ni àwọn mìíràn yóò gbé ọmọ wọn tí ó ṣì jẹ́ ìdin wá. Ìdin yìí ni òwú ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èèrà àgbà a gbá a mú bí ẹni mú abẹ́rẹ́, a fi kan ewé ìhín, a fi kan ewé ọ̀hún, títí ilé yóò fi rán pọ̀. Ọmọ tí ó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ṣé yóò gbàgbé Sūrà yẹn láyé?

Èèrà tí a ń bú yìí náà ni ọlọ́dẹ igi. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2007 tí ó fi hàn pé máńgòrò tí èèrà yìí bá pọ̀ lórí rẹ̀, eṣinṣin tí ń sọ ìdin sínú èso kì í rí i bà jẹ́ bí ó ti ń ba ti àwọn yòókù jẹ́. Ẹni tí ó bá pa èèrà nítorí pé ó jẹ ọmọ lẹ́sẹ̀, kí ó má ráhùn nígbà tí ó bá la máńgòrò tí ó bá ìdin nínú rẹ̀.

Ẹ̀ga ńkọ́, tí a fi ń bú ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́? Akọ ni ó ń hun ìtẹ́. Bí ó bá hun ún tán, a so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a máa lu ìyẹ́, a máa pariwo pe abo kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí abo tí ó gbà á, a tú u ká, a tún òmíràn hun. Àdán tí àwọn kan ń pè ní ẹyẹ àjẹ́ (ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Mùsùlùmí!) wà nínú àwọn tí ń gbé èso ìrókò fò kiri tí wọ́n sì ń fọ́n ọn sí ibi tí ènìyàn kò dé.

Ní 1987, Edward Wilson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó fi ayé rẹ̀ kọ́ nípa èèrà, ròyìn igi kan ṣoṣo nínú igbó Peru: ẹ̀yà èèrà 43 ni ó wà lórí rẹ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ẹ̀yà èèrà tí ó wà ní Britain. Igi kan péré! Àgbàlagbà ọ̀mọ̀wé ń fi èyí gba oyè, àwa ń na ọmọ wa nítorí rẹ̀.

Wọn yóò ní ọmọ kò wá sí ilé kéú wá wo ẹyẹ. A gbọ́. Àwa kò ní kí ẹ pa kíkà tì. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí àwọn ọmọ jókòó síwájú igi kan náà, kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì mú rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ dání. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kùkùté máńgòrò yẹn ti ń rúwé. A ń bẹ ìgbìmọ̀ ilé kéú náà kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àdá tún dé ibẹ̀.