Àdán Dorí Kodò, Ó Ń Wòṣe Ẹyẹ

Ẹni tó dákẹ́ láwùjọ ló sábà máa ń pa òwe yìí, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé ìdákẹ́ òun kì í ṣe ti òmùgọ̀: ojú òun là, òun sì ń ka ìwà oníkálukú. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti fara balẹ̀ wo àdán. Ó mọ̀ pé ó ń ríran, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyẹ. Ibi méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àdán, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ti ń ṣìnà.

Wọ́n ní àdán fọ́jú lọ́sàn-án. Àdán ńlá tó ń jẹ èso, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ koríko gbígbẹ, ní ojú ńláńlá; ojú àti imú ló fi ń wá máńgòrò àti gúáfà lóru. Òòbẹ̀, èyí kékeré inú òrùlé tó ń jẹ kòkòrò, ló ń fi etí ṣọdẹ. Á ké igbe tínrín tí etí ènìyàn kò gbọ́, gbohùngbohùn igbe náà ni yóò sì júwe ibi tí kòkòrò wà fún un. Ní 1938 ni Donald Griffin, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ gbọ́ igbe náà. Síbẹ̀, òòbẹ̀ pàápàá kò fọ́jú. Àwọn àgbà tó ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni pé àdán kò ní ihò ìdí, pé ẹnu tó fi ń jẹun náà ló fi ń ṣu. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó nídìí ni. Bí àdán bá ń jẹ èso, á rún un, á fún omi rẹ̀ mu, á sì tu háhá rẹ̀ dànù. Ẹni tó jí bá háhá nílẹ̀ lábẹ́ igi ló pè é ní ìgbẹ́. Bí ó bá fẹ́ ṣu ní ti gidi, ó lè fi àtàǹpàkò apá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, kí orí padà sókè, kí ó má baà yí ara rẹ̀. 

Àdán kì í ṣe ẹyẹ, kò sì ṣe eku. Irun ló ní, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Awọ tó nà láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń fò. Dídorí kodò kò sì ni ín lára, nítorí ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fa iṣan tó ń há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ní ti ẹ̀jẹ̀ mímu, irú mẹ́ta péré ló ń mu ún, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Mẹ́síkò dé Ajẹntínà, sì ni gbogbo wọn wà. Àdán ajèso tí wọ́n ń pè ní ẹyẹ àjẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, èso ìrokò wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí igi tí wọ́n ń bẹ̀rù ìwin inú rẹ̀ fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí.

Ìbẹ̀rù kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1956, wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi lára àdán ajèso ní Erékùṣù Èkó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán mú àdán tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa, kí ó sì tètè gba ọsibítù lọ.